Colman, Orúkọ Kan Ti Kún Tiwa

Colman, lánàá ni Fadá tún ka orúkọ rẹ lórí pẹpẹ, ìgbà kẹfà sì nìyẹn. Ó kà á tán, ó ka ti ìyá arúgbó kan tẹ̀lé e, ó ń bá Máàsì rẹ̀ lọ. Òjò rọ̀ díẹ̀, ó dá. Nuala ìyàwó rẹ wọ kóòtù tí o rà fún un ní Coventry, ó ní kò tíì gbó. A gbé òdòdó lọ sí ibojì, a fa koríko ẹ̀gbẹ́ òkúta rẹ tu, a padà sílé lọ mu tíì, a jẹ búrẹ́dì alẹ́ran. Kò sẹ́ni tó sunkún. Ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà.

Ọdún mẹ́fà, Colman. Ilé tí o kọ́ kù ti parí. Declan ọmọ rẹ ló kan òrùlé yàrá ẹ̀yìn, ó sì kan ilẹ̀kùn ibẹ̀ sódì, bí ìwọ náà ì bá ṣe kàn án gẹ́lẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ìyá yín ṣì ń tà. Attracta àbúrò rẹ ló wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìtajà ńlá tó wà nílùú ti kó ìdajì oníbàárà lọ. Ajá rẹ kú lọ́dún tó kọjá, ikú ogbó ni.

Sorcha, ọmọ Declan, ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ti mú un sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin káúńtì, ìyẹn gbogbo ẹkùn wa. Ẹsẹ̀ òsì ló ń lò bíi tìrẹ, kì í sì í wo bọ́ọ̀lù tó bá fẹ́ gbá a, igi góòlù ló máa ń wò. Àwọn èèyàn ti ń sọ pé ẹ̀bùn ọmọ náà pọ̀. A ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́, nítorí bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí tìrẹ náà nìyẹn.

Ohun tí kò yí padà ni àríyànjiyàn. Lọ́dọọdún, tí tíì bá ti tán, àwọn ọkùnrin á rọ́ lọ sí ilé ọtí Packie Dolan, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀: nínú gbogbo àwọn tó ti wọ aṣọ káúńtì wa rí, ta ni ẹ̀bùn rẹ̀ pọ̀ jù tó sì ṣòfò jù? A ò tíì gba ife ńlá rí, Colman. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tí kò dé ibi tó yẹ kí wọ́n dé la fi ń yangàn.

"Hughie ilé ọlọ ni," ẹnì kan wí lánàá.

"Hughie kẹ̀?" Packie dá a lóhùn láti ẹ̀yìn káńtà, ó ń nu ife. "Hughie tó máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ìdí bọ́ọ̀lù? Ikùn ló ní, kò ní ẹ̀bùn."

"Moran kékeré ńkọ́?"

"Moran ti wọ bàálù lọ sí Australia. Ìyẹn ò ṣòfò, ó kàn lọ ni. Ẹ má tan ara yín jẹ, Colman Hession ni. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó fi ẹsẹ̀ òsì gbá àmì ayò mẹ́ta kọjá lórí igi góòlù láti ogójì yáàdì, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lójú."

"Yáàdì márùndínlógójì ni mo gbọ́."

"Lẹ́nu ta ni?"

"Bàbá mi wà níbẹ̀."

"Kí bàbá ẹ wá bá mi sọ ọ́ fúnra ẹ̀."

"Wọ́n ti kú."

"Ó dáa, ogójì ni," ni Packie wí, ó sì mú ife mìíràn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń yíwọ́ lọ́dọọdún. Packie á ní bí kì í bá ṣe ẹni tó lọ tú àṣírí rẹ, ife ńlá ì bá ti dé káúńtì yìí tipẹ́. Kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ojú gbogbo èèyàn á kàn lọ sí àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn, níbi tí Malachy Tuohy máa ń jókòó sí, tòun ti fìlà rẹ̀ lórí orúnkún àti ọtí dúdú kan ṣoṣo níwájú rẹ̀. Malachy á wo inú ọtí rẹ̀.

O mọ ìtàn náà, Colman, ṣùgbọ́n Sorcha á ka èyí, jẹ́ ká sọ ọ́. Ọdún 1964 ni. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù tiwa, èyí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jọ ń gbá, tí bọ́ọ̀lù tó bá gba orí igi góòlù kọjá náà ń fúnni ní àmì ayò kan, kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì tí ẹsẹ̀ nìkan ń gbá. Kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dúró wò ó. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ yan àwọn tó ń ṣọ́ni kiri, ẹni tí ọwọ́ bá sì tẹ̀, ó di oṣù mẹ́fà kó tó tún fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ìwọ ní tìrẹ, méjèèjì lo fẹ́ràn. O máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìlú tó jìn sí wa ní ogún máìlì, o ń gbá bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, o sì sọ fún wọn pé J. Smith lorúkọ rẹ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí káúńtì wa gbá àṣekágbá àwọn káúńtì ìwọ̀-oòrùn ni ọwọ́ tẹ̀ ọ́. Wọ́n bọ́ aṣọ nọ́ńbà kọkànlá lọ́rùn rẹ, wọ́n fún Malachy, ọmọ ogún ọdún tó ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì látàárọ̀ ọjọ́. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, ó gbá èyí tí ì bá sọ wá di ọ̀mì, bọ́ọ̀lù yà sí ẹ̀gbẹ́ igi. Àmì ayò ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi nà wá. Oṣù tó tẹ̀lé e, o wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Coventry, o to mọ́tò nílé iṣẹ́ fún ọdún méjìlélógún, o ò sì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tiwa mọ́. Ọdún méje lẹ́yìn tí o lọ ni wọ́n fagi lé òfin náà.

Ta ló tú àṣírí rẹ? Ọkùnrin tó fi ọ́ sùn jẹ́ àbúrò bàbá Malachy. Aṣọ rẹ sì ni Malachy wọ̀. Abúlé ò wá ẹ̀rí mìíràn pé Malachy ló sọ fún un. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bú u lójúkojú, àmọ́ tí koríko rẹ̀ bá gbẹ lóko, òun nìkan ló ń kó o. Tó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń kún kẹ́yìn. Ilé tiwa náà, a kì í kí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ tọdún yìí wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni àwọn ọmọ tíìmù ọdún 1964 yóò jáde sí pápá kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí èrò dìde fún wọn, kí wọ́n pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àádọ́ta ọdún rèé. Mẹ́sàn-án ló ṣẹ́kù láyé. Packie ni wọ́n ní kó kọ orúkọ wọn, ó kọ ọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Mẹ́jọ ló kọ.

Attracta kì í wọ ilé ọtí. Búrẹ́dì tó ṣẹ́kù ló dì lọ fún wọn lánàá, ó fẹ́ gbé e lé káńtà kó sì padà. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun ti kọ ẹ̀yìn síbẹ̀ tán kí òun tó rí ìwé ara ògiri yẹn. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tún un kà.

"Bọ̀ọ̀dá Packie, mẹ́sàn-án ni wọ́n. Mẹ́jọ lẹ kọ."

"Mo mọ iye tí mo kọ, Attracta. Gbé búrẹ́dì yẹn síbí, ó ṣeun."

"Ẹ kọ Malachy sí i. Kì í ṣe òun. Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

Ìdúró ló wà tó fi sọ ọ́. Ó ní ìwé ìròyìn ìlú ọ̀hún ló ya fọ́tò rẹ, níbi tí o ti fò sókè tí o ń fi orí kan bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ J. Smith sábẹ́ rẹ̀. Ara ìwé tí wọ́n fi di ẹja wálé lòun ti rí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lòun, inú òun sì dùn débi pé òun ò rántí òfin kankan. Ó gé fọ́tò náà, ó po ìyẹ̀fun mọ́ omi, ó fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ojú ṣọ́ọ̀bù. Ó wá fa igi lé J. Smith, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Irọ́ ni, bọ̀ọ̀dá mi nìyí. Gbogbo ilé wà ní Máàsì. Ọkùnrin kan wá ra tábà, ó dúró pẹ́ níwájú gíláàsì kó tó wọlé. Nígbà tó lọ tán ni ọ̀rọ̀ yé òun. Ó já fọ́tò náà, ó sọ ọ́ sínú iná.

Ẹnì kan yí ohùn tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀.

"Àádọ́ta ọdún, Attracta," ni Packie wí. "Àádọ́ta ọdún lo fi ń gbọ́ wa."

"Mo ń gbọ́ yín. Ẹ̀rù Màmá ló kọ́kọ́ bà mí. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù tiyín. Nígbà tó yá, ó ti pẹ́ jù, ojú wá ń tì mí pé ó pẹ́."

"O ò lè sọ fún Colman nígbà tó dé láti Coventry?"

"Mo ṣí ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta. Tíì ni mo ń bi wọ́n pé ṣé wọ́n á mu."

Malachy ló sọ̀rọ̀ nígbà náà láti orí àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn, Colman, ohùn rẹ̀ ò sì yí padà.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo wà ní òdìkejì títì tèmi ti kẹ̀kẹ́ mi. Mo rí ẹ tí ò ń lẹ̀ ẹ́. Mo rí àbúrò bàbá mi tí wọ́n ń kà á. Mo rí ẹ tí o já a."

Attracta di etí àga mú. "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò fi sọ?"

"Ọmọdé ni ẹ́. Wọn ò ní jẹ́ kó o rìn ní títì yìí láéláé. Èmi ní tèmi ti gbá bọ́ọ̀lù yẹn tàsé, inú ti ń bí wọn sí mi ná. Mo ní kó kúkú wà lójú kan."

"Ẹ sì ní kí n wá bá yín jó, lọ́dún 1973."

"O ní ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́."

"Kò dùn mí."

"Mo mọ ìyẹn náà," ni Malachy wí.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Àwọn èèyàn wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì, o mọ̀ wá. Packie tú ìwé náà kúrò lára ògiri, ó wá bírò títí, ó kọ orúkọ kẹsàn-án, ó sì tún un lẹ̀. Ó fa ọtí dúdú kan, ó gbé e yí káńtà ká, ohun tí kì í ṣe fún bíṣọ́ọ̀bù, ó gbé e síwájú Malachy.

"Ẹyọ kan ni mo máa ń mu," ni Malachy wí.

"Mu ún, kò ní pa ẹ́." Packie padà sẹ́yìn káńtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ife tó ti nù tẹ́lẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni nígbà tó sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ rántí atẹ́gùn tó ń fẹ́? Kò sí ẹsẹ̀ tí kò lè tàsé nínú irú atẹ́gùn yẹn."

"Ó fẹ́ gan-an ni," ẹnì kan wí.

"Colman gan-an ì bá tàsé."

"Colman kẹ̀? Rárá o."

"Mo ní nínú irú atẹ́gùn yẹn!"

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Attracta fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ó nìkan rìn lọ sí ibojì rẹ. Ó ní òun kò pẹ́. Ó ní ohun tí òun sọ ni pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, èmi ni mo lẹ fọ́tò yẹn, ẹ má bínú. Inú mi ló dùn sí yín jù." A ò mọ̀ bóyá o ti mọ̀. Gbogbo Kérésìmesì ni o kọ lẹ́tà sí i láti Coventry, o ò bi í léèrè ohunkóhun rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì nínú pápá ńlá bọ́ọ̀lù tiwa ní Dublin, ọdún tó ṣáájú ikú rẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ ló jókòó sí níwájú tẹlifíṣọ̀n. O wò ó parí, o sì ní kó bu tíì kún tìrẹ.

Colman, a kì í sọ púpọ̀ nílé yìí. Àga rẹ ṣì wà lẹ́bàá iná, a kì í jókòó sórí rẹ̀. Declan máa ń fi ìbọ̀wọ́ tí o fi ń gun kẹ̀kẹ́ kọ́ Sorcha bí wọ́n ṣe ń di bọ́ọ̀lù mú. Nuala ṣì ń po tíì ife méjì láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, kó tó rántí. A fẹ́ràn rẹ, àárò rẹ ń sọ wá, ọdún mẹ́fà ò dín in kù.

Tí ọdún bá pé báyìí, ìwọ náà mọ̀ pé orúkọ àwọn ará ilé nìkan la máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ ìrántí tí à ń gbé sínú ìwé ìròyìn bí èyí, pé gbogbo abúlé ló sì máa ń wo ẹni tó wà níbẹ̀ àti ẹni tí kò sí. Nuala ló kọ ti ọdún yìí fúnra rẹ̀. A bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó ti yẹ kó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwa tó ń rántí rẹ:
Nuala, ìyàwó rẹ.
Declan, ọmọ rẹ, àti Sorcha, ọmọ ọmọ rẹ.
Attracta, àbúrò rẹ.
Malachy Tuohy, tó bá ọ gbé nọ́ńbà kọkànlá.