Ẹ̀rí Tí Wọ́n Ní Kí N Wá Jẹ́ fún Ọ̀gá Mi Àtijọ́

Ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀, wọ́n máa gbé máìkì lé mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ọ́gbà kí n yin ọkùnrin tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, níbi ìdúpẹ́ tí ìdílé rẹ̀ ń ṣe. Mo ti ní mo gbà. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an... ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ayé ológun ni, ìgbà SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó le koko, tí wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró káàkiri Ìkejà. Yàrá kọ̀ǹpútà ni mo wà ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan l'Àgídìngbì, ọkùnrin yìí sì ni ọ̀gá wa. Òun ló ṣètò program tí a fi ń pe orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn oníbàárà jáde láti inú database kí mọ́tò tó kó ọjà lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, program kọ̀. Ó ní buffer kéré jù, ìyẹn àyè tó fi ń gba ohun tí database bá fi ránṣẹ́. Mọ́tò tò sẹ́nu géètì, àwọn awakọ̀ ń pariwo, MD, olórí ilé iṣẹ́, ń gòkè ń sọ̀... Ọ̀gá wa fẹ àyè náà, ó fẹ̀ ẹ́ débi pé program ò ṣí mọ́ rárá, torí ó ti gba gbogbo memory tán. Ló bá kọjú sí mi níwájú gbogbo èèyàn: "Madam Grammar," torí mo ti ṣe tíṣà rí, "kọ̀ǹpútà kì í ṣe bọ́ọ̀dù tíṣà o! Ìdọ̀tí tí o tẹ̀ sínú ẹ̀ nìyẹn!"

Mo dá àyè náà padà sí bó ṣe wà, mo wá ń pe àwọn oníbàárà ní àdúgbò-àdúgbò. Ọgbà jáde. Allen jáde. Agége kọ̀! Ẹni tó bá mọ Agége nígbà náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní nọ́ńbà. Àdírẹ́sì Alhaji kan rèé: lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, òdìkejì ẹlẹ́rọ ata, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kànga wọlé, ẹ béèrè Alhaji Ọlọ́dà. Àyè tí ọ̀gá wa ṣe, nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà nìkan ló lè gbà. Mo ka lẹ́tà inú àdírẹ́sì tó gùn jù, mo fẹ buffer kó tó o, kó sì lé díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jáde. Mọ́tò gbéra.

Ó wọlé tọ MD lọ, ó ní èmi ni mo bà á jẹ́, òun lòún tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí wọ́n fi dá mi dúró. Wọ́n ní SAP ni. SAP wo? Ṣé SAP ló ṣe àyè kékeré?

Ìyàwó rẹ̀ ni ìṣòro mi báyìí. Ìlú kan náà ni wọ́n bí wa l'Ékìtì, kò sì mọ ìdí tí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ mi títí dòní. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí èmi àtàwọn ọmọ há sínú yàrá kan l'Ágége, òun ló ń gbé gàrí àtepo wá. Òun náà ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ ṣojú ẹ̀. Ẹ bá wa sọ fáwọn ọmọ bí Daddy ṣe gba ilé iṣẹ́ yẹn là." Mo gbọ́ ikọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó mọ̀ pé èmi ni. Kò sọ pé kí wọ́n má pè mí... ṣé ó rò pé mo ti gbàgbé ni? Àbí ó rò pé ojú ìyàwó rẹ̀ á máa tì mí, tí mi ò fi ní lè sọ̀rọ̀?

Ẹ má ní kí n dárí jì í, pásítọ̀ ti sọ ìyẹn tó. Ṣé kí n sọ òótọ́? Ṣé kí n purọ́ nítorí gàrí obìnrin yẹn? Ìyàwó náà fúnra rẹ̀ ló máa wá fi mọ́tò gbé mi láàárọ̀ Sunday. Orúnkún mi ò sì dáa mọ́, ọwọ́ rẹ̀ náà ni mo máa dì mú gun orí pẹpẹ. Tí a bá débẹ̀... ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ?