Àtàǹpàkò Tí Kò Wú

Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Oríkèé ìka mi tún jí ṣáájú mi. Wọ́n wú bí ẹni tó ń bínú. Ogójì ọdún tí mo ti ń rán bàtà, òní ni bọ́tìnnì ṣẹ́gun mi. Ọlọ́pàá — ìyàwó mi nìyẹn — ló bá mi dè é. Mo ní kó rọra, ọkọ ọlọ́kọ ni mí. Ó ní kí ẹni tó ni mí tètè wá kó mi.

Ọjọ́rú, 6
Dókítà. Ọmọ tí mo lè bí lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ ó mọ bí a ṣe ń la ọ̀rọ̀ yé àgbàlagbà. Ó ní àwọn oníṣẹ́ kan wà nínú ẹ̀yà ara tó kéré ju kójú rí lọ, ẹ́ńsáìmù lorúkọ wọn. Bí kòkòrò bá kan ilẹ̀kùn, èyí á fọwọ́ tọ́ èkejì, èkejì á jí ẹ̀kẹta, títí ìròyìn á fi dé yàrá inú lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ sáwọn ọmọ ogun ara. Ojú ibẹ̀ á gbóná, á pọ́n, á wú. Tèmi, kò sí olè, wọ́n ṣáà ń ké olè. Mo ní ìyàwó mi ló kọ́ wọn. Hóró oògùn kan lójúmọ́ — yóò pa ọ̀kan nínú wọn lẹ́nu mọ́.

Àìkú, 24
Mo de bọ́tìnnì fúnra mi. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ìṣẹ́gun, 26
Bàtà mẹ́ta lónìí. Abẹ́rẹ́ ìránbàtà gún mi ní àtàǹpàkò òsì, ó wọlé dáadáa. Kò wú. Mo fi yangàn. Ọlọ́pàá ní ká lọ sọ fún dókítà. Mo ní ta ló ń fẹjọ́ ohun tí kò wú sùn?

Ẹtì, 29
Òtútù. Ẹsẹ̀ ò gbé mi. Àtàǹpàkò ṣì rí tẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ awọ rẹ̀ ti ń dúdú. Ọlọ́pàá tì mí sínú ọkọ̀. Dókítà la ojú ibẹ̀, ọyún jáde. Kò rẹ́rìn-ín sí ẹ̀fẹ̀ mi kankan.
"Bàbá, olè ti wọlé. Àwọn tó yẹ kó ké, àwa la pa wọ́n lẹ́nu mọ́."
Ó gba oògùn oríkèé lọ́wọ́ mi, ó gún mi ní abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò. Bí kò bá yí padà títí Ọjọ́ Ajé, wọn á gé e. Aránbàtà tí kò ní àtàǹpàkò — mo wá ẹ̀fẹ̀ tí màá fi parí gbólóhùn yìí, n ò rí.

Àbámẹ́ta, 30
Kò dùn mí.

Àìkú, 31
Kò dùn mí. Ọlọ́pàá ò bá mi jà látàárọ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Ajé, 1 Oṣù Kẹrin
Ìrora ló jí mi. Àtàǹpàkò gbóná, ó pọ́n, ó wú, ó ń lù kìkì. Gbogbo oríkèé mi náà ti padà dé. Dókítà tẹ̀ ẹ́, mo lọgun, òun ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò ní gé nǹkan kan. Ó ní bó bá jinná, òun á fún mi ní ìdajì oògùn náà, bí mo bá ṣèlérí láti máa wá fi ọgbẹ́ han òun, ì báà wú, kó má wú. Mo ṣèlérí. Ọlọ́pàá ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.
Nínú ọkọ̀, ó di ọwọ́ ọ̀tún mi mú títí a fi délé. Ó dun àwọn oríkèé náà wọra. N ò ní kó tú u sílẹ̀.