Àtùpà Méjì Tó Ń Dá Ara Wọn Lóhùn

Èmi, Nimotalahi Àṣàkẹ́ Ọnàfọwọ́kàn, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tí ń ṣe àtùpà ní Àgọ́-Ìwòyè, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìpíngún yìí. Orí mi pé, ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi. Ayọ̀ ló gbé mi dé ìdí rẹ̀, kì í ṣe àìsàn.

1. Mo yan Japheth Adékòyà, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, láti mú ìwé yìí ṣẹ. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ iná nígbà tí wọ́n ń sọ pé obìnrin kì í gun àkàbà. A fẹ́ràn ara wa. Bàbá mi ní àwọn kò ní fi ọmọ fún ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, kò sí Iléyá kan tí kò wá kí mi. Kí ó mú púláyà àti tẹ́sítà mi.

2. Ilé mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti ewúrẹ́ mẹ́ta inú rẹ̀ di ti Àdúràgbèmí, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi Mukhtar. Èyí dúdú a máa jẹ wáyà.

3. Ṣọ́ọ̀bù mi di ti Àdúràgbèmí pẹ̀lú, nítorí ó mọ iṣẹ́ náà. Àtùpà onígbá inú rẹ̀, tí ń tàn bí ènìyàn bá pàtẹ́wọ́, kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí gíláàsì. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì ní iṣẹ́ ọnà ni. Àwọn aládùúgbò ní ohun tí àwọn fi ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù ni. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ.

4. Mo dá ìgèrè mẹ́ta tí bàbá wa fi ń pẹja ní Ìbíadé padà fún ẹ̀gbọ́n mi Mukhtar, pẹ̀lú gílóòbù tí mo fi sínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ló ní kí n má yọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ gílóòbù yẹn ló dá ìjà wa sílẹ̀. Wọ́n ní mo sọ irinṣẹ́ òkú di ohun ìṣeré; èmi náà ní òkùnkùn tẹ́ wọn lọ́rùn. Ọdún mọ́kànlá ni wọn kò fi wọ ilé mi. Mo tọrọ àforíjì.

Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Zulaikha, ìyàwó wọn. Ohùn rẹ̀ lọ. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kò lè pe ọkọ rẹ̀ tó ń hun ìgèrè lẹ́yìnkùlé. Ni Mukhtar bá wá bá mi pẹ̀lú ìgèrè tuntun méjì lábẹ́ apá, wọ́n bi mí bóyá iná lè gbé inú wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Zulaikha, èkejì wà níbi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìnkùlé. Bí ó bá fọwọ́ kan tirẹ̀, tiwọn a tàn.

Lánàá, mo lọ wo Zulaikha nílé wọn ní Ìbíadé, mo sì jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìnkùlé. Láàárín wákàtí kan, àtùpà tiwọn tàn nígbà mẹ́fà. Ìgbà gbogbo ni ẹ̀gbọ́n mi ń sáré wọlé. Zulaikha kò fẹ́ nǹkan kan, ó kàn fẹ́ rí wọn ni. Nígbà tó tàn lẹ́ẹ̀keje, mo ní kí wọ́n jókòó, kí àwọn náà fọwọ́ kan tiwọn. Wọ́n fọwọ́ kàn án. Ti Zulaikha tàn nínú yàrá, a sì gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín olóhùn!

Mukhtar di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, “Nimota, ohùn rẹ̀ nìyẹn.”

5. A kò gbọdọ̀ ta àtùpà ìgèrè méjèèjì yìí, a kò sì gbọdọ̀ yà wọ́n nípá. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, kí Àdúràgbèmí tún un ṣe kí ó tó jẹun ọjọ́ náà.

Mo fọwọ́ sí i ní Àgọ́-Ìwòyè, ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

N. À. Ọnàfọwọ́kàn

Ó ṣojú wa:
Hannah Òdúsànyà, olùkọ́, Awà
Ìdrís Bákàrè, télọ̀, Àgọ́-Ìwòyè