Orúkọ Yín Tún Tàn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé yín ní Bódìjà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú mi ló ṣe, síbẹ̀ ẹnu ṣì ń yà mí.

Láti ìgbà tí ẹ ti fi wá sílẹ̀ lọ sọ́run ni kọ̀ǹpútà yín kò ti rí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́. Fóònù mi ń rí i nínú pálọ̀ kan náà, kọ̀ǹpútà kò rí nǹkan kan. Ẹ sì mọ Màmá. Wọ́n ní àwọn ò ní kó wá bá mi nílé mi ní Challenge, wọn kì í gbọ́ tí fóònù wọn bá dún, ojú wọn kò sì rí nǹkan orí rẹ̀ dáadáa mọ́; kọ̀ǹpútà yín tí ojú rẹ̀ fẹ̀ nìkan la lè fi máa rí wọn. Láràárọ̀ ni àyà mi máa ń já: ṣé wọ́n jí ire? Bùsọ́lá àbúrò mi náà kì í sùn dáadáa ní Kánádà.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ring Road ní kí n jẹ́ kí òun nu gbogbo inú rẹ̀ mọ́. Mo gbé e padà sílé yín. Ẹ̀yin lẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ nù ún?

Nígbà tí mo fara balẹ̀ wò ó, ẹ̀rín pa mí. Bàbá, ètò ààbò méjì tó ń lé kòkòrò kọ̀ǹpútà lẹ fi sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti géètì tán, tí ẹ óò fi ṣéènì dè é, tí ẹ óò tún padà lọ fà á wò. Àkókò ìlò ọ̀kan ti parí, èkejì ń fura sí i, wọ́n wá jọ ti ilẹ̀kùn pa mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì bí ọdẹ méjì tó ń jà ní géètì kan. Ta lẹ tiẹ̀ ń sá fún? Mo yọ èyí tí àkókò rẹ̀ ti parí kúrò, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún tàn án.

Íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé wẹ́rẹ́. N kò tíì pe Màmá tí fóònù mi fi dún. Bùsọ́lá ni, ẹkún ló ń sun.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo fóònù yín! Bàbá ti dé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì o!”

Mo wò ó. Kọ̀ǹpútà ti fi orúkọ yín wọlé fúnra rẹ̀ síbi tí gbogbo wa ti máa ń bára wa sọ̀rọ̀: orúkọ yín rèé, àwòrán yín pẹ̀lú fìlà búráùn yẹn, àmì aláwọ̀ ewé tó ń sọ pé ẹ wà níbẹ̀ sì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí mi wú. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi tún un ṣe, síbẹ̀ mo dìde dúró kí yín.

Mo fẹ́ fi orúkọ Màmá rọ́pò rẹ̀, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án fúnra wọn báyìí. Tí wọ́n bá gbàdúrà òwúrọ̀ tán, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, orúkọ yín á sì tàn lórí fóònù mi ní Challenge àti ti Bùsọ́lá lọ́hùn-ún. A ò tún bi ara wa léèrè mọ́ bóyá Màmá jí ire. Tí Bàbá bá ti dé, Màmá ti jí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ṣì ń ṣọ́ wọn?

Èmi ọmọ yín, tó ń retí yín láràárọ̀.