Wíwò Ni Wọ́n Ní Kí N Máa Wò

Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Iṣẹ́ ọ̀hún rèé o. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀, Màámi mú mi wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ omi lọ fi ọ̀kọ̀ gún ẹja. Mo rò pé n ó máa gún nǹkan. Rárá. Wíwò ni. "Máa wò ó. Ọjọ́ tó o bá mọ ẹja lo máa gba ọ̀kọ̀." Àǹtí ló wí bẹ́ẹ̀. Ìyá Àìmí ni mo ń pè é níbí — tó bá rì sísàlẹ̀, wàá ti sunkún òkú rẹ̀ tán kó tó yọrí.

Ẹja wo ni mi ò mọ̀? Ṣebí mo ti ń jẹ ẹ́ látìgbà tí mo ti ní eyín.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Omi tutù. Ẹja ń wò mí, èmi náà ń wò ó. A ò rí nǹkan gidi wò, àwa méjèèjì.

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Ìbéèrè, ìbéèrè, bí ọlọ́pàá. A ó rì, Àǹtí á nàka sí ẹja kan, a ó yọrí: "Kí lo rí?" Ẹja pupa. "Pupa báwo? Ìrù rẹ̀ ńkọ́? Ṣé àmì wà lára rẹ̀?"

Ẹja kúkúrú kan wà, onírù yẹ́lò, tí kì í ju àtẹ́lẹwọ́ lọ títí táá fi kú. Àgbà-Kúkúrú. Ìyẹn ṣeé gún. Ọmọ ẹja pupa ńlá inú àpáta sì wà, ìwọ̀n kan náà, ara kan náà, àfi àmì dúdú tó wà nítòsí ìrù. Ìyẹn ò tíì yé ẹyin rí. Pa á, o ti pa gbogbo ìdílé. "Àmì dúdú, fi í sílẹ̀." Ó ti wí i títí, etí mi ti di.

Ọmọ Àǹtí, tí mo ń pè ní Mo-ti-Mọ̀, ní ọ̀kọ̀ tirẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, tó o bá wo ìrù tán, pè mí, màá ti jẹun yó." Ọ̀dẹ̀. Lánàá ó pe ẹja apò ní kúta. Ológbò ilé yìí gan-an mọ̀ pé kúta ló gùn bí ọ̀pá.

Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Mo rí Baba Pákó, tó ń yẹ ẹja gbogbo èèyàn wò, lónìí. Orí pákó rẹ̀ létí omi ni gbogbo ẹni tó bá gún ẹja gbọ́dọ̀ kó o lé, gbogbo ayé á sì tò yí i ká bí igún. Tí ọmọ alámì bá wà níbẹ̀, ẹni tó gún un á fi ọ̀kọ̀ sílẹ̀ títí òjò ọdún á fi rọ̀ tán. Ẹ̀bẹ̀ ò sí. Mo ní òfin àwọn tí ò níṣẹ́ ni. Ìyá Àìmí wò mí. Ó ní, "Ọ̀kọ̀ yìí ló ń bọ́ gbogbo ilé." Ó dáa. Mo gbọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Àbámẹ́ta ni màá gba ọ̀kọ̀! Ìyá Àìmí ní ojú mi ti là. Mi ò rẹ́rìn-ín. (Ilé ìwẹ̀ ni mo ti lọ rẹ́rìn-ín.)

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àwa méjì péré, èmi àti Ìyá Àìmí, la lọ. Ọ̀kọ̀ tuntun wà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí òun kọ́kọ́ gún ọ̀kan kí n rí i. Ẹja kan gba iwájú wa kọjá. Mo rí àmì náà kedere, bí èédú lára aṣọ funfun. Mo mi orí, mo ju ọwọ́ — ó gún un.

A yọrí. Ó gbé ẹja náà súnmọ́ ojú, àfi bí ẹni ń gbóòórùn rẹ̀. "Àgbà-Kúkúrú," ló wí. Ó wá yíjú sí mi. "Àbí?"

Èmi ló ń bi. Gbogbo "kí lo rí" yẹn! Mo pè é ní ẹ̀kọ́. Obìnrin yìí ò ríran dáadáa mọ́.

Mo ní, "Àmì wà níbẹ̀, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká jù ú nù." Ó ní ohun téèyàn bá pa, èèyàn á gbé e wálé ni. Agídí.

Baba Pákó gbé ìrù ẹja sókè. "Ta ló gún èyí?"

Ẹnu mi sọ̀rọ̀ kí n tó rán an. "Èmi ni."

Ẹ̀rín bú. "Ọ̀kọ̀ òní, ẹ̀ṣẹ̀ òní!" Mo-ti-Mọ̀ ń jó káàkiri: "Awo-ìrù! Awo-ìrù!" Wọ́n gba ọ̀kọ̀ tí mi ò tíì fi gún ewé. Ìyá Àìmí dúró tì mí. Ó gbọ́. Kò tiẹ̀ wúkọ́.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mi ò jẹ oúnjẹ Ìyá Àìmí. Mò ń di ẹrù, mò ń lọ bá Màámi.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Dìde, ká lọ sómi."

Mo ní wọ́n ti gba ọ̀kọ̀ mi, àbí etí yín náà ti lọ ni? Ọ̀rọ̀ burúkú, mo mọ̀. Kò bínú. Ó ní, "Ọ̀kọ̀ ni wọ́n gbà, wọn ò gba ojú. Mi ò ní gún nǹkan kan mọ́ àfi tó o bá tẹ̀ mí lápá."

Ó gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ rù mí, kò dúpẹ́, ó tún ń rán mi níṣẹ́! Mo pòṣé láti ẹnu ọ̀nà dé etí omi. Níbẹ̀ ló ti na apá sí mi. Ibi tí mi ò dúró sí ló nà án sí.

Mo lọ dúró síbẹ̀.