Ẹ̀rọ Ìlọta Tí Kì í Dún Láàárọ̀

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Èsì ìdánwò wa jáde ní poli lónìí. Mo gba A nínú Sìtàtísíìsì, kọ́ọ̀sì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílé ìwé. Mo ń rẹ́rìn-ín lórí ọ̀kadà títí mo fi délé.

Ìyá Alákàrà iwájú ilé wa kí mi kú oríire. Wọ́n wá ní, “Ṣé màmá ẹ á wá máa tètè tan ẹ̀rọ báyìí?”

Ohun tí wọ́n ń sọ ò yé mi, àfìgbà tí wọ́n ṣàlàyé. Àṣé látìgbà tí mo ti ń kàwé lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Mọ́mì kì í tan ẹ̀rọ ìlọta wọn títí màá fi jáde. Ọjà Owódé ni Ìyá Alákàrà ń gbé ẹ̀wà lọ lọ̀ láràárọ̀, àwọn oníbàárà yòókù náà sì ti tẹ̀ lé wọn.

Èmi tí mò ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé àárọ̀ ló dáa láti kàwé, torí àdúgbò wa máa ń dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo bi Mọ́mì. Wọ́n ń fọ ẹnu ẹ̀rọ lọ́wọ́, wọn ò wojú mi. “Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ sinmi,” ni wọ́n wí.

Mo na fóònù sí wọn kí wọ́n rí èsì náà. Wọ́n fi ìró nu ọwọ́ wọn dáadáa kí wọ́n tó gbà á. Ojú wọn tàn.

Mo ti bẹ Ìyá Alákàrà pé kí wọ́n gbé ẹ̀wà wọn wá lọ́la. Èmi ni màá tan ẹ̀rọ fúnra mi, màá sì gbé ìwé mi jókòó tì í.