Nígbà tí Ẹ̀yìn Theophilus Kan Ilẹ̀

Agbo Ilé Ògúnbánwò,
Ìmèpè, Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án, 1986.

Mùínátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Ṣé òtútù Jọ́ọ̀sì kò yọ yín lẹ́nu jù? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò le rárá. Wá ibì kan jókòó sí kí o tó ka ìyókù.

Ọ̀rọ̀ Mọ́rúfù ọmọ rẹ tí o fi sọ́dọ̀ wa ni. Kò kú, kò sì ṣàìsàn. Theophilus, ọmọ Mọ́ṣádé ayálégbé wa, ló kú, Mọ́rúfù ló sì ṣekú pa á. O mọ bí àwọn méjèèjì ṣe jẹ́: Theophilus a máa bá wa ṣe Iléyá, Mọ́rúfù a máa bá wọn ṣe Kérésì.

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, ọkùnrin kan ní òpópónà wa ra ẹ̀rọ fídíò, ó sì ń gba àwọn ọmọdé sí pálọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Fíìmù kọ̀nfú ni ṣáá: ẹ ta á nípàá, ẹ pa á, ẹ̀jẹ̀ yòò. Mo bá Mọ́rúfù wí. Ìyá rẹ ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, ó sàn kó jókòó wo fíìmù ju kó máa rìn káàkiri lọ. Láìpẹ́, kò sẹ́ni tó lè gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá kó má jẹ ìpá Mọ́rúfù. Ewúrẹ́ mi pàápàá kò sinmi.

Ṣé o rántí ìjàkadì tí ẹ̀yin náà máa ń jà lẹ́yìnkùlé? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, ìjà ti parí. Ẹni tó dá a náà ni yóò fà á dìde, tí yóò gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù. Lọ́jọ́ Sátidé, Mọ́rúfù dá Theophilus. Theophilus na ọwọ́ sókè kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fà á dìde. Ó ń rẹ́rìn-ín, Mùínátù. Mọ́rúfù fò sókè bí àwọn ará inú fíìmù, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ sí i níkùn.

Ká tó gbé e dé ọsibítù, ó ti dákẹ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti dà sí i nínú. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Irọ́ ni. Ẹkún ni mò ń sun, àgbà èmi yìí.

Mọ́ṣádé kò bú wa. Ì bá bú wa, ara ì bá tù mí díẹ̀. Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi bó ti máa ń ṣe, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá."

Àwọn ọlọ́pàá ti bi Mọ́rúfù léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n sì dá a padà fún mi nítorí pé ọmọdé ni. Tètè wá, ọmọ mi. Má wá nà án o.

Ọlọ́run yóò mú ọ délé ní àlàáfíà. Yóò tu Mọ́ṣádé nínú, kò sì ní fi irú èyí dán wa wò mọ́. Àmín.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Sùnmọ́nù Ògúnbánwò.

Àfikún: Mọ́rúfù kò tíì sunkún. Àná ló bi mí pé ìgbà wo ni Theophilus ń bọ̀. Mo ní ẹni tó bá ti kú kì í bọ̀ mọ́. Ó ní irọ́ ni, pé ọkùnrin tí wọ́n pa nínú fíìmù ọjọ́ Jímọ̀, òun náà ló tún ń jà nínú ti ọjọ́ kejì. Láti àárọ̀ ló ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń retí rẹ̀. Ìwọ tí o bí i, wá sọ fún un. Ẹnu mi kò gbà á mọ́.